Ọ̀gá Ìṣirò tí Kò Mọ Ìwé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Thomas Fuller

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí àwọn àgbà wa ti wí nìyẹn, kò sì sí ilé kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tí ọmọdé kò ti gbọ́ ọ rí. Ènìyàn kì í ṣe owó ẹyọ tí a ń dà sí orí ẹní kà. Síbẹ̀, ìgbà kan wà, ó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún gbáko, tí àwọn oníṣòwò ẹrú ń ka ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka ẹrù, tí wọ́n ń kọ iye wọn sínú ìwé ọkọ̀, tí wọ́n sì ń dá owó lé olúkúlùkù lórí. Nínú àwọn tí a kà bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin kan wà tí òun pẹ̀lú wá di ẹni tí ń ka ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ rí, tí ó sì ń fi orí lásán ṣe ìṣirò tí àwọn ọlọ́gègé fi ń làágùn. Thomas Fuller ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí.

Nǹkan bí ọdún 1710 ni a bí i, ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ìtàn fi ìlú rẹ̀ sí etíkun ìwọ̀ oòrùn, láàrin ibi tí à ń pè ní Liberia àti ibi tí à ń pè ní Benin lónìí. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó tí ó kọ ìtàn rẹ̀. Thomas ni wọ́n pè é, wọ́n sì tún gé e kúrú sí Tom. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe ọmọ Yorùbá kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì yẹ kí a gba ọmọ ẹlòmíràn mọ́ ara wa lọ́wọ́ nítorí pé ó gbayì. Ohun tí a lè sọ ni pé etíkun kan náà ni ó gbà lọ tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá gbà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ọkọ̀ gbé e dé Virginia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1724, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Oko ni wọ́n gbé e sí, nítòsí ìlú Alexandria, oko ìdílé Cox. Ibẹ̀ ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó ti hu ewú, ibẹ̀ náà ni ó kú sí. Ó kọ́ ebè, ó gbin ọkà, ó kórè, gẹ́gẹ́ bí ẹrú oko gbogbo ti ń ṣe. Kò sẹ́ni tí ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, kò sẹ́ni tí ó fi gègé lé e lọ́wọ́. Títí ó fi di arúgbó, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Bí ó ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún àwọn tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ́kọ́ kà dé ẹ̀wá. Nígbà tí ó kà dé ọgọ́rùn-ún, ó rò pé òun ti gbọ́n tán. Lẹ́yìn èyí ni ó mú ìrù màlúù kan, ó jókòó tì í, ó sì ka irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irun 2,872 ni ó bá nídìí rẹ̀. Láti orí irun màlúù, ó bọ́ sí orí hóró àlìkámà. Ó ka iye hóró tí ó kún òṣùwọ̀n kan, ó tún ka hóró ọ̀gbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú ẹrú ń rí lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ẹni tí a gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan orúkọ, kò ní ohun ìṣeré mìíràn tí olówó rẹ̀ kò lè gbà.

Ní ìhà tiwa níhìn-ín, orí ẹní ni ọmọdé ti ń kọ́ òǹkà kí ilé ìwé tó dé. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìjọ C.M.S. rán sí Ìjàyè, kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1887. Wọn a da àpò owó ẹyọ sílẹ̀, aláròó owó a máa fi ìka wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Ìdì mẹ́rin nínú rẹ̀ di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì owó ni a ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Kò sí ìwé, kò sí gègé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá aláta kò ní ṣi owó ọ̀kẹ́ mẹ́ta kà. Gbogbo etíkun yìí ni ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ti ìlú kan kò sì jọ ti èkejì délẹ̀délẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣe òfìfo ni ó gbé wọ ọkọ̀.

Ìṣirò Fuller wúlò fún ilé Cox. Bí a bá fẹ́ bo orí ilé, òun ni í sọ iye pákó tí yóò tó o. Bí a bá fẹ́ sọ ọgbà yí oko ká, òun ni í sọ iye òpó àti iye igi ìdábùú. Iye irúgbìn tí éékà ilẹ̀ kan yóò gbà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn kan fi owó ńlá lọ Elizabeth Cox pé kí ó ta ọkùnrin náà fún àwọn, ó kọ̀. Fuller a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi nítorí èyí. Bí ó ti yẹ kí a gbọ́ ọpẹ́ náà, kí olúkúlùkù òǹkàwé rò ó wò: ọkùnrin kan ń dúpẹ́ nítorí pé a kò tà á ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Nígbà tí ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọkùnrin méjì tí ó lórúkọ rere, William Hartshorne àti Samuel Coates, wá láti Pennsylvania, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ó wà nínú ọdún kan ààbọ̀. Láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ó dáhùn pé 47,304,000 ni. Wọ́n tún bi í pé, ẹni tí ó ti lo àádọ́rin ọdún ó lé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti wákàtí méjìlá láyé, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ó ti lò. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó fi sọ pé 2,210,500,800 ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti mú gègé, ó ti ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ lórí ìwé. Ó ní arúgbó náà ṣì í, pé iye tí ó pè ti pọ̀ jù. Fuller dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti gbàgbé àwọn ọdún tí ó máa ń lé ọjọ́ kan. Ọkùnrin náà tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà kún un, èsì méjèèjì sì dọ́gba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dán an wò fún ara wọn. Ọjọ́ 25,550 ni ó wà nínú àádọ́rin ọdún bí a bá ka ọdún kọ̀ọ̀kan sí 365. A ó fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ti àwọn ọdún ọlọ́jọ́ 366 kún un, a ó tún fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ inú ìbéèrè kún un. Ọjọ́ kan sì ní ìṣẹ́jú àáyá 86,400. Ẹni tí ó bá fi ìwé ṣe é tí kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ó yin ara rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ó dára jù fún olùkọ́ láti gbé lọ sí kíláàsì. Àgbẹ̀ kan ní abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà. Ní ọdún kìíní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí abo mẹ́fà. Ní ọdọọdún sì ni gbogbo wọn, àtìyá àtọmọ, ń bí mẹ́fà mẹ́fà. Mélòó ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ? Fuller kọ́kọ́ ṣi ìbéèrè náà gbọ́, ìdí nìyí tí ó fi gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n là á yé e, ó pe 34,588,806. Àṣírí rẹ̀ ni pé abo kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà di méje, nítorí náà agbo ẹlẹ́dẹ̀ náà ń di ìlọ́po méje ní ọdọọdún. Mẹ́fà di 42, 42 di 294, títí a ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Méje yìí pàápàá ni ìwé ìròyìn fi yìn ín lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé ó lè fi méje sọ méje di púpọ̀, kí ó tún fi méje sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìgbà méje.

Méje kì í ṣe òǹkà lásán. Bí a bá ní obì mẹ́fà, a lè pín in fún ẹni méjì tàbí ẹni mẹ́ta kí ó dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ méje, àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹni méje mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú òǹkà báyìí, tí kò ṣeé pín dọ́gba bí kò ṣe fún iye ara rẹ̀ tàbí fún ẹnì kan ṣoṣo, ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní prime number. Kí a pè é ní òǹkà aláìṣeépín. Èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá wà lára wọn. Òǹkà yòókù, àwọn wọ̀nyí ni a fi kọ́ ọ, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Bí a bá tú iye ẹlẹ́dẹ̀ Fuller palẹ̀, tí ó tóbi tó nì, èjì, ẹ̀ta àti èje nìkan ni a ó bá nínú rẹ̀.

Wàyí o, ní àkókò kan náà tí Fuller ń ka hóró àlìkámà ní Virginia, ọkùnrin kan wà ní St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí òun pẹ̀lú ń fi orí ṣe ìṣirò, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú tán. Leonhard Euler ni, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí a bí ní ọdún 1707. Ní tiwa, ẹgbẹ́ kan náà ni à bá pe òun àti Fuller. Ní ọdún 1772, Euler kọ̀wé sí Daniel Bernoulli pé òun ti rí i dájú pé 2,147,483,647 jẹ́ òǹkà aláìṣeépín. Kò sí òǹkà aláìṣeépín kan tí a mọ̀ tí ó tóbi tó o nígbà náà, kò sì sí èyí tí ó borí rẹ̀ títí di ọdún 1867.

Bí a ti ń rí òǹkà náà kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, nítorí a mọ ìlọ́po méjì, a sì mọ ó dín ọ̀kan. Bí babaláwo bá ń tẹ ifá lórí ọpọ́n, ojú mẹ́jọ ni ó ń tẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nìyẹn: èjì, ẹ̀rin, ẹ̀jọ, ẹ̀rìndínlógún, títí dé igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, èyí tí í ṣe iye odù. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ó ku 255, èyí ṣeé pín sí ọ̀nà mẹ́ta, sí ọ̀nà márùn-ún, àti sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógún. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú méje, 128 ni a ó ní, tí a bá sì yọ ọ̀kan, 127 kò ṣeé pín rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀: ìlọ́po mọ́kànlá ó dín ọ̀kan jẹ́ 2,047, ọ̀nà 23 sì pín in sí 89 géérégé. Ti ìlọ́po mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Euler yẹ̀ wò. Àlùfáà Faransé kan, Marin Mersenne, ti kọ ọ́ ní ọdún 1644 pé òǹkà náà kò ṣeé pín; ṣùgbọ́n kíkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rí, nítorí Mersenne kan náà sọ irú rẹ̀ nípa ìlọ́po mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó sì ṣì í.

Ọgbọ́n tí Euler dá nìyí. Bí òǹkà náà bá ṣeé fọ́ sí méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ kò lè ju 46,340 lọ, nítorí pé 46,341 ní ọ̀nà 46,341 ti ré kọjá rẹ̀. Dípò kí ó wá máa dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkà wò, ó fi hàn pé òǹkà tí yóò bá pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ń ṣẹ́ ku 1 tàbí 63 bí a bá fi 248 pín in. Èyí tí ó kù láti dán wò kò ju 372 lọ. Ó dán wọn wò, kò sí ọ̀kan tí ó pín in. Bí àwọn baba wa bá fẹ́ pe òǹkà náà, ọ̀kẹ́ lọ́nà 107,374 ni, ó lé ẹgbẹ̀jìdínlógún àti mẹ́tàdínláàádọ́ta. Gbogbo ọ̀kẹ́ wọ̀nyẹn, kò sí bí ẹni méjì, tàbí ẹni mẹ́wàá, tàbí ẹni ẹgbẹ̀rún ti lè pín in kí ìjà má dé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òǹkà Euler sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà Fuller. 2,210,500,800 fi díẹ̀ ju 2,147,483,647 lọ. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìṣẹ́jú àáyá 63,017,153 lọ, tí kò pé ọdún méjì. Àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n fi bi Fuller léèrè ti kọjá òǹkà Euler nígbà tí ó pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọjọ́ méjìdínlógún, wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje. Olúkúlùkù baba àti ìyá tí ó bá pé ọjọ́ orí yìí ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún 1710 ni a bí Fuller, nǹkan bí ọdún 1778 ni òun pẹ̀lú gba ibẹ̀ kọjá, lórí oko olóko.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Alágbàká, ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Fáìlì ni a mọ ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti dara pọ̀ mọ́ fáìlì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ó fi ń ka àkókò, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òfo tàbí ọ̀kan, bí ojú ọpọ́n ifá ti jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Òǹkà tí ó tóbi jù tí ojú wọ̀nyí lè gbé ni 2,147,483,647 gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá bọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2038, nígbà tí aago mẹ́rin ìdájí bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje ní Nàìjíríà, àyè yóò kún. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá tún ṣe yóò fò padà sí oṣù kejìlá ọdún 1901, ẹni tí ó bá sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ pé a kò tí ì bí òun. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé ti ní àyè tí ó pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Irú àṣìṣe tí ọlọ́gègé ṣe níwájú Fuller náà ni, àṣìṣe ẹni tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ó ń bọ̀.

Kí a padà sí oko Cox. Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò náà wá, ọ̀kan nínú wọn káàánú Fuller pé bí ó bá mọ ìwé ni, ìbá di ènìyàn ńlá. Arúgbó náà ní ó sàn bẹ́ẹ̀ kí òun má mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀wé ni ó jẹ́ òmùgọ̀ paraku. Ìdáhùn yìí ti dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi tan ọmọ ilé ìwé jẹ. Euler mọ̀wé, ohun tí ó sì rí, ìwé ni ó jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Iye ìṣirò tí Fuller ṣe lórí oko láàrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí kò sì sí ẹni tí ó béèrè, bá a wọ ilẹ̀ lọ.

Benjamin Rush, dókítà ìlú Philadelphia, tí ó wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1776, ni ó kọ ẹ̀rí àwọn àlejò náà sílẹ̀ ní ọdún 1788. Nígbà náà, àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè gbé ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀, pé nítorí náà oko ẹrú ni ó yẹ ẹ́. Àwọn tí ń jà fún òpin òwò ẹrú gbé ìṣirò Fuller kalẹ̀ bí ẹ̀rí, wọn kò sì nílò àlàyé púpọ̀. 2,210,500,800 kò ní àwọ̀. Ní ọdún 1808, àlùfáà Grégoire ti ilẹ̀ Faransé tún mú ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tí ó kọ nípa ọgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú. Ní ti òótọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá kí a tó gbà pé ènìyàn ni.

Ọdún 1790 ni Thomas Fuller kú, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìwé ìròyìn kan ní Boston, Columbian Centinel, kéde ikú rẹ̀ ní òpin oṣù kejìlá ọdún náà. Wọ́n yìn ín, wọ́n ka gbogbo ohun tí ó lè ṣírò, láti orí ìṣẹ́jú àáyá dé orí ìbú ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó di pé wọ́n kọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, pé ohun ìní Elizabeth Cox ti Alexandria ni.